Peckham, Woolwich tàbí King's Cross: Ibo Ni Kí Àlejò Wọ̀ sí ní Lọ́ńdọ̀nù?

Bí ará ilé wa kan bá fẹ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ìgbà àkọ́kọ́, ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ta lo ní níbẹ̀?" Bí ó bá wá dáhùn pé òun kò ní ẹni tí yóò gba òun sílé, ìmọ̀ràn tí yóò tẹ̀ lé e kì í ju ẹyọ kan lọ: "Wá yàrá sí Peckham, àwọn èèyàn wa ló kún ibẹ̀." Ìmọ̀ràn náà kò burú, àmọ́ kò pé. Mo ti wọ̀ sí Peckham, mo ti wọ̀ sí Woolwich, mo sì ti wọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ King's Cross, ohun tí mo sì rí ni pé kì í ṣe àìrí ọbẹ̀ jẹ ló ń dá àlejò lágara ní ìlú yẹn, ọ̀nà ni. Ẹni tó bá ń lo wákàtí kan ààbọ̀ ní àárọ̀ láti ibi tó sùn dé ibi tó fẹ́ wò, tó tún ń lo iye kan náà ní alẹ́ láti padà, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa sùn di ọ̀sán, ọjọ́ méje tó sanwó fún yóò sì di mẹ́rin mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ojú ọ̀nà ni mo fi wo àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìfiwéra yìí, kí n tó wá kan oúnjẹ àti owó.

Pápákọ̀ òfurufú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Kí ẹ tó wo iye tí wọ́n ń gba yàrá, ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú yín. Àwọn ọkọ̀ tó ń gbéra ní Nàìjíríà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ń balẹ̀ sí Heathrow tàbí Gatwick, ibi méjèèjì kò sì sún mọ́ra rárá. Heathrow wà ní ìwọ̀-oòrùn, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 23 sí àárín ìlú. Gatwick wà ní gúúsù, ní nǹkan bíi kìlómítà 45, agbègbè West Sussex gan-an ló wà, kì í ṣe inú Lọ́ńdọ̀nù.

Ọkọ̀ ojú irin mẹ́ta ló ń gbé èèyàn kúrò ní Heathrow wọ ìlú. Èyí tó yá jù tó sì wọ́n jù ni Heathrow Express, tó ń dé Paddington láàárín ìṣẹ́jú 15. Mi ò rí ohun tí àlejò ń fi í ṣe, nítorí kò sí ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò mẹ́ta tí mò ń sọ yìí tó wà ní Paddington, ẹ ó kàn sanwó gọbọi ni, ẹ ó sì tún máa wọ́ ẹrù kiri láti wá ọkọ̀ mìíràn. Èkejì ni Elizabeth, tí wọ́n ṣí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022. Ó gùn, ó mọ́, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀, gbogbo ibùdókọ̀ rẹ̀ ló sì ní ọ̀nà tí ẹlẹ́rù àti ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà láìgun àtẹ̀gùn. Ẹ̀kẹta ni Piccadilly, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tó ti dàgbà, tó kéré nínú, tó sì máa ń móoru nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òun ló dínwó jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí owó Elizabeth láti Heathrow dé àárín ìlú ju ìlọ́po méjì tirẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá balẹ̀ sí Heathrow tó sì wọ̀ sí King's Cross, Piccadilly ni kó wọ̀. Yóò jókòó tó wákàtí kan, kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà. Ẹni tó wọ̀ sí Woolwich ni ti rẹ̀ dára jù, nítorí Elizabeth ń lọ tààrà láti pápákọ̀ náà, ó ń gba abẹ́ gbogbo àárín ìlú kọjá, Woolwich sì ni ibùdó tó ṣáájú òpin ọ̀nà náà. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́: orúkọ tó wà níwájú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ Abbey Wood. Òmíràn nínú àwọn ọkọ̀ Heathrow máa ń yà sí Shenfield, bí ẹ bá sì ti ṣèèṣì bá a lọ, Whitechapel ni kí ẹ ti bọ́ sílẹ̀ kí ẹ dúró de ti Abbey Wood.

Peckham ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le láti Heathrow. Kò sí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kankan tó dé ibẹ̀, ọkọ̀ ojú irin orí ilẹ̀ àti bọ́ọ̀sì nìkan ni. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ wọ Elizabeth dé Whitechapel, kí ẹ sì bọ́ sínú Overground tí wọ́n ń pè ní Windrush, èyí tó ń lọ sí Clapham Junction, tí yóò já yín sí Peckham Rye. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní ọdún kan, pẹ̀lú báàgì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọ̀n tó kílò 23, tí ìdajì ohun tó wà nínú ọ̀kan jẹ́ èlùbọ́ àti gaàrí tí àbúrò mi ní kí n gbé dání. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Peckham Rye ni mo tó rí i pé kò sí lífìtì, àtẹ̀gùn ló kù sílẹ̀ bí ògiri. Mo dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń lọ jẹ́jẹ́ tirẹ̀ wò mí, ó yọ nǹkan tó kì bọ etí, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ẹ káalẹ́, mà. Ẹ jẹ́ n gbe," pẹ̀lú ohùn ẹni tó jẹ́ pé ẹnu ìyá rẹ̀ nìkan ló ti ń gbọ́ Yorùbá. Ó gbé báàgì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí mo gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo tú ẹrù, ó sì mú mi lọ wo ṣọ́ọ̀bù kejì sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, níbi tí èlùbọ́ irú tèmi gan-an tò sí lórí pẹpẹ.

Bó bá jẹ́ Gatwick ni ẹ balẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ yóò yí padà. Ọkọ̀ ojú irin Thameslink ń lọ tààrà sí St Pancras, tó fara ti King's Cross, ó sì ń kọjá ní London Bridge, níbi tí ẹ ó ti rí ọkọ̀ tí yóò gbé yín dé Peckham Rye láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó ń lọ sí Woolwich yóò dé Farringdon kó tó bọ́ sínú Elizabeth. Ẹ má tìtorí orúkọ kó sínú Gatwick Express. Victoria ló ń lọ, owó rẹ̀ sì ju ti Thameslink àti ti Southern, ọkọ̀ ojú irin mìíràn láti Gatwick, lọ, bẹ́ẹ̀ àkókò tó fi yá jù wọ́n lọ kò tó nǹkan.

Káàdì tí ẹ ó máa fi wọkọ̀

Bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti oṣù Keje ọdún 2014. Ohun tí ẹ ó fi wọ̀ ọ́ ni káàdì báǹkì tó ṣeé fi kan ẹ̀rọ, tàbí fóònù, tàbí Oyster, ìyẹn káàdì ìwọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù tí èèyàn ń kó owó sí. Iye kan náà ni wọ́n ń gbà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún àgbàlagbà, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé owó tí ẹ fi ra Oyster fúnra rẹ̀ kò ní padà. Síbẹ̀, èmi a máa gba ẹni tó ń bọ̀ láti ilé nímọ̀ràn pé kó ra Oyster, nítorí káàdì náírà lè kọ̀ lójú ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí àlejò kò mọ ẹni tí yóò ké sí, àti pé káàdì owó ilẹ̀ òkèèrè mìíràn máa ń yọ owó díẹ̀díẹ̀ lórí ìfọwọ́kàn kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù ló gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, ọkọ àti aya kò lè pín ẹyọ kan lò. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin, ẹ kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé, ẹ tún kàn án nígbà tí ẹ bá ń jáde, káàdì kan náà ni kó sì jẹ́. Ẹni tó fi fóònù wọlé tó fi káàdì jáde, wọn yóò kà á sí ẹni méjì tí kò parí ìrìn àjò, wọn yóò sì gba owó tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá ń wọlé ti tó.

Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í sanwó nínú bọ́ọ̀sì, wọn kì í sì í san án nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ bí wọ́n bá wà pẹ̀lú àgbàlagbà. Fún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 15, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ fi ẹ̀dínwó àlejò sórí Oyster wọn. Yóò gé owó náà sí ìdajì fún ọjọ́ 14, àmọ́ wọn kì í fúnra wọn fi lọ̀ yín, ẹ̀yin lẹ ó béèrè.

Peckham

Kò sí ohun tí a ó fi bò ó: bí ó bá jẹ́ ti oúnjẹ, Peckham ló gbégbá orókè. Ní òpópónà Rye Lane, iṣu jókòó sórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹja gbígbẹ ká bí òrùka, ìgbín wà, ata rodo wà, ẹ ó sì gbọ́ tí ìyá kan ń ná ọjà ní èdè Yorùbá gidi pẹ̀lú ọkùnrin ará Éṣíà tó ti mọ iye tí wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé onídìrí pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Nítorí náà, ẹ má fi àyè báàgì yín gbé oúnjẹ tó wà níbẹ̀, ẹ má sì gbé ẹran tàbí wàrà rárá, nítorí òfin Ìlú Ọba kò fàyè gba kí èèyàn kó wọn wọlé láti Nàìjíríà, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ yín ni. Kílíṣí àti pọ̀nmọ́ wà nínú ohun tí à ń wí.

Fún ẹni tí òde àríyá tàbí ìsìn ló gbé e wá, ibẹ̀ náà ló yẹ ẹ́. Old Kent Road kò jìnnà, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa sì pọ̀ lójú ọ̀nà náà débi pé ilé tó ti jẹ́ àgbàlá ìkẹ́rùsí tẹ́lẹ̀ rí ni àwọn mìíràn ń lò. Òpópónà yẹn náà ni ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí ọmọ Nàìjíríà ti ra ilé ọtí àtijọ́ kan tí wọ́n sì sọ ọ́ di mọ́sálásí.

Àléébù Peckham kò ju méjì lọ. Èkínní ni pé ilé ìtura kò pọ̀ níbẹ̀, yàrá nínú ilé onílé ni ọ̀pọ̀ ń gbà, ẹ sì gbọ́dọ̀ béèrè dáadáa bóyá ilé ìdáná wà fún ìlò yín àti bóyá ariwo alẹ́ Sátidé kò ní jẹ́ kí ọmọ yín sùn. Èkejì ni ọ̀nà tí mo ti sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kánjú ní ẹ̀san kan níbẹ̀ tí àwọn yòókù kò ní, ìyẹn bọ́ọ̀sì 12. Ẹ gun òkè rẹ̀, ẹ jókòó síwájú pátápátá. Yóò gbé yín gba Camberwell, Walworth Road àti Elephant and Castle, yóò sọdá odò Thames lórí afárá Westminster, aago Big Ben yóò yọ sí yín lápá òsì, ẹ ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé ìjọba títí dé Trafalgar Square, yóò sì parí ìrìn rẹ̀ ní Oxford Circus. Owó bọ́ọ̀sì di 1.75 pọ́n-ùn ní oṣù Kẹta ọdún 2023, láàárín wákàtí kan sí ìgbà tí ẹ bá kọ́kọ́ kan ẹ̀rọ, ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì mìíràn láìsan òmíràn. Ohun tí àwọn bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò aláìlórùlé ń gba owó ńlá lé lórí, ojú ọ̀nà yìí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà.

Woolwich

Woolwich kò lókìkí láàárín àwọn àlejò wa, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ibẹ̀ àti Thamesmead tó múlé gbè é kì í ṣe kékeré. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ wa wà níbẹ̀, kò kàn pọ̀ tó ti Rye Lane ni. Ọjà gbangba wà ní Beresford Square, ilé ìtura tí kì í gba owó àárín ìlú sì wà nítòsí ibùdókọ̀. Láti ibẹ̀, Elizabeth ń dé Tottenham Court Road láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ẹni tó wà ní Peckham lè máà tíì dé Elephant nínú bọ́ọ̀sì ní àkókò kan náà.

Àwọn ọmọkùnrin tó bá yín lọ yóò fẹ́ mọ̀ pé Woolwich ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arsenal sílẹ̀ ní ọdún 1886. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìrọ ohun ìjà ọba ni wọ́n dá a sílẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá, ó sì di ọdún 1913 kí wọ́n tó kó lọ sí àríwá ìlú. Ilé àtijọ́ náà ṣì dúró, wọ́n ti sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ di ilé gbígbé. Bí àwọn ọmọ bá ti rìn tán, ẹ mú wọn wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń gbé mọ́tò àti èèyàn sọdá Thames. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ padà, ọ̀nà kan wà tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ odò náà, tó ti wà láti ọdún 1912.

Alẹ́ ni Woolwich ti ń já èèyàn kulẹ̀. Elizabeth kì í ṣiṣẹ́ mọ́jú, bó bá sì ti dáwọ́ dúró ní nǹkan bí ọ̀gànjọ́, bọ́ọ̀sì òru láti àárín ìlú lè gbà ju wákàtí kan lọ. Ní àwọn ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n tún máa ń ti apá kan ọ̀nà náà pa láti tún un ṣe. Ẹ máa yẹ ojú ewé TfL, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, wò ní alẹ́ Sátidé, pàápàá bó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú lẹ ń padà sílé, kí ẹrù má baà wà lẹ́sẹ̀ yín kí ọkọ̀ sì máà sí.

King's Cross

Ní King's Cross, ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ mẹ́fà ló pàdé lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ibi gbogbo sún mọ́ ọn, ìdí sì nìyẹn tí owó yàrá ibẹ̀ fi ga. Èyí tó dínwó díẹ̀ ni àwọn ilé ìtura kéékèèké tó yí Argyle Square ká, tó jẹ́ ilé gbígbé àtijọ́ tí wọ́n pín sí yàrá wẹ́wẹ́. Àtẹ̀gùn wọn há, ọ̀pọ̀ kò ní lífìtì, nítorí náà ẹ kọ̀wé béèrè fún yàrá ìsàlẹ̀ bí màmá tàbí bàbá bá wà pẹ̀lú yín. Ti oúnjẹ wa, ẹ máà retí rẹ̀. Èyí tó sún mọ́ ọn jù lẹ́nu mi ni ti àwọn ará Íńdíà ní Drummond Street, lẹ́yìn Euston: kò sí ẹran nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ata ń bẹ níbẹ̀ dáadáa.

Ohun tí mo fẹ́ràn King's Cross fún ni pé ẹsẹ̀ lásán gbé mi dé British Museum láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, ó ń ṣí láti agogo mẹ́wàá àárọ̀ di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ti ọjọ́ Ẹtì sì máa ń di agogo mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, ìgbà yẹn ni èrò sì máa ń fúyẹ́. Yàrá 25 tó wà nísàlẹ̀ ni ti Áfíríkà. Níbẹ̀ ni orí idẹ tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938 máa ń wà. Ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ wo ìlà tín-ín-rín tó ti iwájú orí sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n, tó yí ètè po, kí ẹ sì wo ṣóńṣó adé tó tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Mo ti rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé láti kékeré, síbẹ̀ n kò mọ̀ pé ó ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wò ó láti Woolwich, Tottenham Court Road ni kí ẹ bọ́ sí. Láti Peckham, ọ̀nà jìn díẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ fi odidi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún un.

Ta ni kó lọ sí ibo?

Bí ọjọ́ tí ẹ ní kò bá ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, King's Cross ni kí ẹ wọ̀ sí, kí ẹ fara da owó rẹ̀, nítorí àkókò lẹ ń rà. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ló gbé yín wá, tí ẹ sì balẹ̀ sí Gatwick, mi ò mọ ìdí tí ẹ ó fi kúrò ní Peckham. Ìdílé tó kó ọmọ lẹ́yìn, tó balẹ̀ sí Heathrow, tó sì fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Woolwich ni mo máa ń júwe fún wọn. Ìgbà tí ẹ ń lọ náà ní ipa tirẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ títí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ yóò fi kọjá, aago wọn sì bá ti Nàìjíríà mu. Ní oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ti ṣú ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, aago wọn sì ti fi wákàtí kan padà sẹ́yìn tiwa. Ẹni tó bá lọ nígbà òtútù, kó wọ̀ sí ibi tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ní àdúgbò yòówù kó jẹ́.

Ní tèmi, Woolwich ni mò ń wọ̀ sí báyìí, mo sì ń lọ sí Peckham ní Sátidé nìkan. Bọ́ọ̀sì 177 ló so àwọn méjèèjì pọ̀, ó ń gba New Cross àti Greenwich kọjá, ó máa ń tó wákàtí kan. Àmàlà tí mo bá rà ní Rye Lane ṣì máa ń gbóná nígbà tí mo bá délé, bí mo bá ti ní kí wọ́n fi ọ̀rá méjì wé ọbẹ̀ ewédú náà, nítorí bọ́ọ̀sì yẹn a máa já bíréékì lójijì.